Gáàsì wo ni èyí? Dẹ́ńsítì rẹ̀ jẹ́ 1.74 g/L, ṣùgbọ́n ìṣirò mi kò bá ìdáhùn ìwé mu

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gba oorun lójú mi láti ọjọ́ mélòó kan, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó fínnífínní. Wọ́n fún wa ní gáàsì kan tí kò ní àwọ̀, wọn kò sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, wọ́n kàn sọ pé dẹ́ńsítì rẹ̀, ìyẹn iye gíráàmù tí ó wà nínú lítà kan rẹ̀, jẹ́ 1.74 g/L nígbà tí ìwọ̀n ooru yàrá jẹ́ 27°C tí ìfúnpá afẹ́fẹ́ sì jẹ́ 740 mmHg. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí á wá iye gíráàmù tí móòlù kan gáàsì náà wọ̀n, kí á sì fi dá a mọ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo rántí ohun tí a ti kọ́ tẹ́lẹ̀, pé móòlù kan gáàsì èyíkéyìí (móòlù ni òǹkà tí a fi ń ka móléékù) a máa gba àyè lítà 22.4. Mo ṣe 1.74 lọ́nà 22.4, ó sì fún mi ní 38.98. Inú mi dùn, mo ní ágọ́ọ̀nù ni, nítorí pé 39.95 ni ti ágọ́ọ̀nù. Àmọ́ nígbà tí mo tún wo àtẹ inú ìwé, mo rí i pé fùlúórínì, tí tirẹ̀ jẹ́ 38.00, náà kò jìnnà sí i, n kò sì mọ èyí tí ǹ bá mú nínú méjèèjì. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kí n lo PV = nRT, níbi tí P ti jẹ́ ìfúnpá, V àyè tí gáàsì gbà, n iye móòlù, R nọ́ńbà kan tí kì í yí padà, T sì jẹ́ ìwọ̀n ooru. Mo lò ó, mo fi 27 sí ipò T, mo sì rí 3.96, èyí tí ó jọ hílíọ́ọ̀mù pátápátá, nítorí pé 4.00 ni ti hílíọ́ọ̀mù. Ìdáhùn tí ó wà lẹ́yìn ìwé sì ni 44.

Ibo ni mo ti ṣìnà, kí sì ló dé tí àṣìṣe mi méjèèjì fi bọ́ sórí gáàsì tí ó wà láyé lóòótọ́? Bí mo bá tilẹ̀ rí 44 náà, báwo ni n ó ṣe mọ gáàsì tí ó jẹ́, nígbà tí mo rí mẹ́ta nínú àtẹ ìwé wa tí gbogbo wọn jẹ́ 44?

Olùkọ́ Kẹ́mísìrì

O ṣeun tí o kọ àwọn àṣìṣe náà sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, nítorí láti ara nọ́ńbà náà gan-an ni a ti máa rí ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀. Jẹ́ kí n mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lítà 22.4 tí o rántí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ti jẹ́ òtítọ́: 0°C àti ìfúnpá 1 atm, ìyẹn 760 mmHg. Níbẹ̀ nìkan ni. Bí ooru bá pọ̀ sí i, gáàsì a fẹ̀. Bí ìfúnpá tí ó wà lórí rẹ̀ bá dín kù, a tún fẹ̀ sí i. Ní 25°C àti 1 atm, móòlù kan ti kúrò ní lítà 22.4, ó ti di nǹkan bíi 24.5. Tìrẹ gbóná ju ìyẹn lọ, ìfúnpá rẹ̀ sì kéré sí 1 atm, nítorí náà àyè tí móòlù kan gbà gbọ́dọ̀ ju 24.5 lọ kí o tó mú bírò rárá. Ẹni tí ó bá lo 22.4 níbẹ̀ ti fún móòlù náà ní àyè tí ó kéré jù, ó sì dájú pé nọ́ńbà rẹ̀ yóò kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Òun ló fà á tí o fi rí 38.98.

Ìṣirò náà gan-an kò pọ̀. Láti inú PV = nRT, bí a bá rántí pé n ni iye gíráàmù tí a ní tí a fi ìwúwo móòlù kan pín, a ó rí i pé ìwúwo móòlù kan, M, jẹ́ dẹ́ńsítì lọ́nà R lọ́nà T, tí a wá fi P pín in. R jẹ́ 0.08206 bí a bá ń lo lítà àti atm. 740 mmHg tí a fi 760 pín jẹ́ 0.9737 atm. T jẹ́ 27 + 273.15, ìyẹn 300.15 K (Kelvin). Bí o bá kọ́kọ́ ṣe R lọ́nà T tí o sì fi P pín in, wàá rí 25.3, àyè tí móòlù kan gáàsì èyíkéyìí gbà nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, lítà 25.3. 1.74 lọ́nà 25.3 jẹ́ 44.0. Mo fẹ́ràn kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wá lítà móòlù kan yìí sílẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan dẹ́ńsítì, nítorí pé ó jẹ́ ohun tí ènìyàn lè fi ojú wò kí ó sì mọ̀ bóyá ó bọ́gbọ́n mu.

Nípa 27 tí o fi sí ipò T: Celsius bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀ láti ibi tí omi ti ń di yìnyín, omi tí ń di yìnyín kò sì kan gáàsì inú ìgò rẹ. Wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí o bá lo ọ̀nà yẹn ní ọjọ́ tí ìwọ̀n ooru jẹ́ 0°C: T di òfo, M náà di òfo, gáàsì tí ó wà nínú ìgò, tí òṣùwọ̀n sì ń wọ̀n, á wá di ohun tí kò ní ìwúwo kankan. Kelvin ni ó bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ibi òfo tòótọ́, òun nìkan ni ìdọ́gba yìí gbà.

Ìbéèrè rẹ nípa àṣìṣe tí ó ń bọ́ sórí gáàsì tòótọ́ ni ó wù mí jù. Láti orí háídírójìn tí ó jẹ́ 2 títí dé kúlórínì tí ó jẹ́ 71, àwọn gáàsì tí a mọ̀ pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ nọ́ńbà tí o bá sọ lù wọ́n ni yóò rí aládùúgbò. Ká ní o lo Kelvin dáadáa ṣùgbọ́n tí o gbàgbé ìfúnpá, tí o fi 1 atm síbẹ̀, wàá rí 42.9, wàá sì wá máa sọ pé própíìnì, tí tirẹ̀ jẹ́ 42.08, ni ó sún mọ́ ọn. Nítorí náà, pé nọ́ńbà kan jọ ti gáàsì kan kò tíì jẹ́ ẹ̀rí pé ìṣirò náà tọ́. Ó yẹ kí a fi nǹkan mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò. Hílíọ́ọ̀mù, fún àpẹẹrẹ: ní 27°C àti 740 mmHg, lítà kan rẹ̀ kò ju 0.16 gíráàmù lọ. Wọ́n sọ fún ọ pé tìrẹ jẹ́ 1.74, ó fi bí ìlọ́po mọ́kànlá jù ú. Ágọ́ọ̀nù ńkọ́? 38.98 fi nǹkan bí ìdá méjì àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún dín sí 39.95, bẹ́ẹ̀ wọ́n fún ọ ní dẹ́ńsítì tí ó ní òǹkà mẹ́ta tí ó ṣeé gbára lé. Àlàfo yẹn ti pọ̀ jù. Fùlúórínì ní tirẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè rírẹ̀dòdò díẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní gáàsì tí ó burú tó bẹ́ẹ̀ kí ó máa fi ọwọ́ gbé e kiri.

Ní ti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ 44, òótọ́ ni o sọ. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì, CO₂, jẹ́ 44.01, náítírọ́ọ̀sì ọ́ksáídì, N₂O, jẹ́ 44.01, própéènì, C₃H₈, jẹ́ 44.10. Dẹ́ńsítì kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ, ó sì yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láìfi bò. Iṣẹ́ tí dẹ́ńsítì ṣe ni pé ó kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ gáàsì kúrò nílẹ̀, ó wá ṣẹ́ ku mẹ́ta. Ìwà wọn ni ó máa yà wọ́n: CO₂ a máa sọ omi láìmù (omi tí a yo kálísíọ́ọ̀mù háídírọ́ksáídì sínú rẹ̀) tí ó mọ́ gaara di funfun bí wàrà, N₂O a máa mú kí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹyin iná nìkan kù lórí rẹ̀ tún gbiná, própéènì fúnra rẹ̀ ni ó máa ń jóná. Irú ọ̀rọ̀ kan náà wà níbi tí ìwúwo móòlù kan ti jẹ́ 28, níbi tí náítírójìn, kábọ́ọ̀nù mọ̀nọ́ksáídì àti ẹ́tíìnì ti jókòó sí ojú kan. Ibẹ̀ ni ìwé ti sábà máa ń fi ìdá èròjà kún un: bí wọ́n bá sọ pé kábọ́ọ̀nù jẹ́ 85.6 nínú ọgọ́rùn-ún tí háídírójìn sì jẹ́ 14.4, ètò rẹ̀ tí ó kéré jù ni CH₂, tí ó wọn 14. 28 sì jẹ́ 14 lọ́nà méjì, nítorí náà C₂H₄ ni, ẹ́tíìnì. Ìdá èròjà nìkan kò lè sọ bóyá C₂H₄ ni tàbí C₃H₆, dẹ́ńsítì nìkan kò sì lè sọ bóyá ẹ́tíìnì ni tàbí náítírójìn, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì pa pọ̀ kò fi iyèméjì sílẹ̀.

Mo bẹ̀ ọ́, má fi imú gbọ́ òórùn gáàsì tí o kò mọ̀ láti fi dá a mọ̀. Kábọ́ọ̀nù mọ̀nọ́ksáídì kò ní òórùn, ó sì ń pani.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mìíràn

Ẹ ṣé, Olùkọ́. Mo fẹ́ fi ọ̀nà kan kún un tí ó máa ń gbà mí nígbà tí n kò bá fẹ́ kí Kelvin àti mmHg dà mí lójú rú. Ní ọdún 1811, Amedeo Avogadro gbé e kalẹ̀ pé bí gáàsì méjì bá gba àyè kan náà ní ìwọ̀n ooru kan náà àti ìfúnpá kan náà, iye móléékù inú wọn dọ́gba. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, bí lítà kan gáàsì yìí bá fi ìlọ́po kan wúwo ju lítà kan afẹ́fẹ́ lásán lọ, ìlọ́po yẹn náà ni móléékù rẹ̀ fi wúwo ju ti afẹ́fẹ́ lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ jẹ́ àdàlù, ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni, móòlù kan rẹ̀ jẹ́ 28.97 gíráàmù.

Nínú yàrá tí wọ́n sọ yẹn, lítà kan afẹ́fẹ́ gbígbẹ á wọn 1.145 gíráàmù. Fi 1.145 pín 1.74, ó di 1.52. 1.52 lọ́nà 28.97 jẹ́ 44.0. Ẹni tí ó bá wọn afẹ́fẹ́ àti gáàsì náà nínú ìgò kan náà, ní ọjọ́ kan náà, lórí òṣùwọ̀n kan náà, kò nílò R, kò nílò T, kò sì nílò P, nítorí pé gbogbo wọn ti pa ara wọn rẹ́ nínú pípín yẹn. Àwọn kan máa ń lo háídírójìn dípò afẹ́fẹ́, wọ́n á ní gáàsì yìí jẹ́ ìlọ́po 22 háídírójìn. Nítorí pé háídírójìn jẹ́ 2, a ó sọ 22 di ìlọ́po méjì, ó tún di 44.

Olùbéèrè

Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Ó ti yé mi nísinsìnyí, mo tún ìṣirò náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 44.0 ni mo ń rí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn tún ti yọjú. Láti inú iṣẹ́ tí a ṣe nínú láàbù ni olùkọ́ wa ti mú ìbéèrè yẹn jáde, ní 27°C àti 740 mmHg kan náà, èmi náà sì wọn gáàsì yẹn pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Mo wọn ìgò kan tí wọ́n kọ 250 mL sí lára, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Mo wá fi rọ́bà ti gáàsì náà sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo dé e, mo tún un wọ̀n. Ó fi 0.156 gíráàmù wúwo sí i. Mo fi 0.250 lítà pín 0.156, mo rí 0.624 g/L, mo ṣe é lọ́nà 25.3 bí Olùkọ́ ti kọ́ mi, mo sì rí 15.8. Mẹ́téènì jẹ́ 16.04. Kelvin tí mo lò tọ́, ìfúnpá tọ́, R tọ́. Ṣé wọ́n fún mi ní gáàsì mìíràn ni?

Òṣìṣẹ́ Láàbù

Rárá, àbúrò mi, wọn kò fún ọ ní gáàsì mìíràn. Iṣẹ́ wíwọn gáàsì ni mo ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ yìí sì ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì dùn mí púpọ̀ nígbà náà nítorí pé mo ti fi inú dídùn kọ orúkọ gáàsì tí kì í ṣe òun sílẹ̀. Fi sùúrù kà mí.

Ìgò tí o kọ́kọ́ wọ̀n, o pè é ní òfìfo, ṣùgbọ́n kò ṣófo. Afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Nígbà tí gáàsì wọlé, ó lé afẹ́fẹ́ yẹn jáde, ó sì jókòó sí ipò rẹ̀. 0.156 gíráàmù tí òṣùwọ̀n fi hàn ọ́ kì í ṣe ìwúwo gáàsì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin gáàsì náà àti afẹ́fẹ́ tí ó lé jáde ni. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ náà gbọ́dọ̀ padà sórí ìṣirò kí o tó lè sọ pé o ti wọn gáàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fèsì ṣáájú mi ti bá ọ wá a: lítà kan afẹ́fẹ́ nínú yàrá yẹn jẹ́ 1.145 gíráàmù, nítorí náà 250 mL rẹ̀ jẹ́ 0.286 gíráàmù. Fi kún 0.156, ó di 0.442 gíráàmù. Fi 0.250 pín in, ó di 1.77 g/L, ìwúwo móòlù kan sì di 44.7.

Kí o tó rò pé mẹ́téènì ni, ó yẹ kí òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ti dá ọ lẹ́kun. Mẹ́téènì fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí mẹ́téènì bá lé afẹ́fẹ́ jáde nínú ìgò yẹn, ńṣe ni òṣùwọ̀n á lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi 0.13 gíráàmù. Tìrẹ lọ sókè. Ohunkóhun tí ó bá mú kí ìgò wúwo sí i ju bí ó ti rí nígbà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ ti ju 28.97 lọ, kò sí ìṣirò tí ó lè yí èyí padà.

Ṣùgbọ́n 44.7 kò tíì jẹ́ 44.0, ojú mi sì lọ sára 250 tí wọ́n kọ sí ìgò rẹ. Nọ́ńbà yẹn kì í sábà jẹ́ gbogbo inú ìgò títí dé abẹ́ ìdérí; ó lè jẹ́ pé ibi tí ọrùn ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ìgò ni kí o wọ̀n, má ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Lẹ́yìn tí o bá ti parí gbogbo iṣẹ́ gáàsì, bu omi kún ìgò náà dé ẹnu, ti ìdérí rẹ̀ wọlé títí dé ojú àmì tí ó máa ń dé, kí omi tí ó bá pọ̀ jù yọ dà sílẹ̀, nu ara rẹ̀ gbẹ, kí o sì wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ńlá. Yọ ìwúwo ìgò kúrò. Ní 27°C, mìlílítà omi kan kò pé gíráàmù kan géérégé, 0.9965 gíráàmù ni, nítorí náà fi 0.9965 pín ìwúwo omi náà, wàá mọ àyè inú ìgò rẹ.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn wà tí ó máa ń jalè lọ́wọ́ ẹni. Ìgò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ gbígbóná a máa mú kí afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká gbóná kí ó sì máa gòkè, a sì máa gbé àwo òṣùwọ̀n sókè díẹ̀, wàá wá rí nọ́ńbà tí kò lè dúró lójú kan. Jẹ́ kí ìgò náà jókòó nínú àpótí òṣùwọ̀n títí nọ́ńbà yóò fi dákẹ́. Òógùn àtẹ́lẹwọ́ ní ìwúwo. Lórí ìgò tí ó tó tìrẹ, mìlígíráàmù kan péré tí ó bá ṣì wọlé yóò yí ìwúwo móòlù kan padà ní nǹkan bíi 0.1. Wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: 0.09 ni àlàfo tí ó wà láàrin CO₂ àti própéènì. Àmì ìka ọwọ́ rẹ lára gíláàsì lè bo gbogbo própéènì mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí Olùkọ́ fi sọ pé kí o má retí kí dẹ́ńsítì yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí òṣùwọ̀n yín bá sì jẹ́ èyí tí ó dúró sórí 0.01 gíráàmù, ó lè ṣi ẹyọ kan lórí ìwúwo móòlù láìsí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí o fi ti gáàsì wọlé náà kò tó mi. Bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ bá ṣẹ́ kù nínú CO₂, 44.0 á di 43.3. Nítorí pé ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, jẹ́ kí ẹnu rọ́bà kan ìsàlẹ̀ ìgò, kí gáàsì máa kún láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè. Dé e, wọ̀n ọ́n, tún ti gáàsì wọlé, tún wọ̀n ọ́n, títí ìwọ̀n méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn yóò fi jẹ́ ọ̀kan náà. Kí o tó wọ̀n ọ́n, ṣí ìdérí díẹ̀ kí o sì tètè dé e padà, kí ìfúnpá inú ìgò lè dọ́gba pẹ̀lú ti ìta.

Ẹnìkan lè sọ fún ọ pé kí o fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ inú ìgò náà tán kí o lè wọn òfìfo tòótọ́. Ọ̀nà tí ó dára jù ni lóòótọ́, nítorí pé kò ní sí ìdí láti dá ìwọ̀n afẹ́fẹ́ padà, ṣùgbọ́n ìgò tí ó nípọn tí ìdí rẹ̀ sì rí róbótó nìkan ni kí o lò fún un, kí o sì wọ awò ìdáàbòbò ojú. Ìgò pẹlẹbẹ tí ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lè fọ́ wọ inú lójijì.

Olùwádìí

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ sọ, mo sì fara mọ́ wọn, àmọ́ ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn: gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni ó wà nínú ìgò. Ìdọ́gba yẹn kò mọ̀ bóyá ohun kan ni tàbí méjì. Bí o bá fún un ní àdàlù, ìwúwo tí ó wà láàrin wọn ni yóò fún ọ, láìfi ohunkóhun hàn ọ́ pé àdàlù ni.

Omi ni àdàlù tí ó wọ́pọ̀ jù. Bí a bá gba gáàsì lórí omi, oru omi, ìyẹn omi tí ó ti di gáàsì, á bá a wọlé. Ní 27°C, ìpín rẹ̀ nínú ìfúnpá jẹ́ 26.7 mmHg, nítorí náà nínú 740 tí o kà, 713.3 péré ni ti gáàsì rẹ. CO₂ tí ó tutù bẹ́ẹ̀ á jọ ohun tí ó jẹ́ 43.1. Yàtọ̀ sí ìyẹn, CO₂ fúnra rẹ̀ a máa yòrò sínú omi, nítorí náà kí á má gbà á lórí omi rárá bí wíwọ̀n bá ni a fẹ́ wọ̀n ọ́n; ńṣe ni kí ó gba inú èròjà tí ń fa omi kọjá kí ó tó wọ ìgò. Náítírójìn dáyọ́ksáídì ní tirẹ̀ máa ń so pọ̀ ní méjì-méjì, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń so. Ẹni tí ó bá wọ̀n ọ́n á rí nọ́ńbà kan láàrin 46 àti 92, bí ó bá sì mú un gbóná, nọ́ńbà náà á máa lọ sílẹ̀, àwọ̀ pupa rúsúrúsú rẹ̀ á sì máa dúdú sí i, nítorí pé àwọn tí ó so pọ̀ ń já. Gáàsì tí ìwúwo móòlù rẹ̀ ń yí padà bí ooru ṣe ń yí padà ti ń sọ nǹkan fún ọ nípa ara rẹ̀.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti Lord Rayleigh, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń wọn náítírójìn nínú ìgò ńlá kan, nígbà tí ó sì di 1892 ó rí ohun kan tí kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Náítírójìn tí ó rí nípa yíyọ ọ́síjìn kúrò nínú afẹ́fẹ́ wọn nǹkan bíi 2.310 gíráàmù nínú ìgò náà. Náítírójìn tí ó rí láti ara àwọn èròjà bíi amóníà wọn nǹkan bíi 2.299. Mìlígíráàmù mọ́kànlá ni gbogbo ìyàtọ̀ náà, kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹlòmíràn á ní òṣùwọ̀n ni kò dára. Rayleigh tún un wọ̀n, ó yí ọ̀nà tí ó gbà rí gáàsì náà padà, ìyàtọ̀ yẹn kò kúrò. Ní 1894 òun àti William Ramsay kéde pé gáàsì kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́: ágọ́ọ̀nù, tí ó jẹ́ 39.95, tí kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́. Òun ni ó ń ti 28.01 náítírójìn lọ sí nǹkan bíi 28.15. Ní 1904 àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel, Rayleigh nínú físíìsì, Ramsay nínú kẹ́mísìrì.

Nítorí náà, àbúrò, 44.7 tí Òṣìṣẹ́ Láàbù kò gbà yẹn, má ṣe fi ọwọ́ kékeré mú un. Wá ibi tí 0.7 yẹn ti wá kí o tó kọ orúkọ gáàsì kankan. Bí o bá sì dé ibi tí ẹ̀rọ tí ń wọn móléékù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lọ́jọ́ iwájú, wàá rí i pé àwọn mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ 44 kò fi ara jọ ara wọn mọ́ níbẹ̀: CO₂ á jẹ́ 43.990, N₂O á jẹ́ 44.001, própéènì á jẹ́ 44.063.

Olùbéèrè

Mo padà sí láàbù ní àárọ̀ òní, wọ́n sì gbà mí láàyè láti lo ìgò kan náà. Omi tí ó kún un títí dé abẹ́ ìdérí wọn 261 gíráàmù, nítorí náà àyè inú rẹ̀ jẹ́ 262 mL, kì í ṣe 250. Afẹ́fẹ́ inú 262 mL jẹ́ 0.300 gíráàmù. Lẹ́yìn tí mo gbẹ ìgò náà dáadáa, mo ti gáàsì wọlé láti ìsàlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ìwọ̀n kẹta àti ìkẹrin jẹ́ ọ̀kan náà, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìgò afẹ́fẹ́ sì tún jẹ́ 0.156, ooru àti ìfúnpá yàrá kò yí padà sí ti ọjọ́ yẹn. 0.456 gíráàmù nínú 0.262 lítà jẹ́ 1.74 g/L, ìwúwo móòlù kan sì jẹ́ 44.0. Inú ọrùn ìgò ni 0.7 yẹn wà.

Mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní ẹyin iná lórí kan ẹnu ìgò náà, ó kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo wá jẹ́ kí gáàsì náà máa hó gba inú omi láìmù kọjá. Ó kọ́kọ́ rí bí ìkùukùu ní ìdí rọ́bà, ó wá funfun káàkiri, nígbà tí mo sì jẹ́ kí ó máa hó lọ fún ìgbà díẹ̀ sí i, omi náà tún bẹ̀rẹ̀ sí mọ́ padà. Mo ti kọ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì sínú ìwé mi, mo sì kọ àwọn nọ́ńbà ìgò náà sí abẹ́ rẹ̀.